Ìwé Ìbéèrè Dé Apakun

Awakọ̀ dánfó àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà láti Apakun sí Òṣòdì, láti àárọ̀ dalẹ́. Awakọ̀ kì í kúrò lórí àga àfi tó bá fẹ́ tọ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ á so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, á ké pe èrò, á ti ẹrù ìyá kan sábẹ́ àga, á wá sá tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti ń lọ, á fò wọlé. Ẹ bi àwọn méjèèjì bóyá wọ́n ń ṣe eré ìdárayá. "Ta ló ráyè ìyẹn?" ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn.

*

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń wọn bí èèyàn ṣe ń lo ara rẹ̀ tó. Ó ti pẹ́. Ìlú Geneva ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1998. Wọ́n pè é ní IPAQ, wọ́n sì dán an wò ní orílẹ̀-èdè 12, South Africa wà lára wọn. Ọjọ́ méje tó kọjá ló ń béèrè: iṣẹ́ tó ń mú ni mí hẹlẹhẹlẹ, èyí tó mọ níwọ̀n, ìrìn ẹsẹ̀, àti ìjókòó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà agbára tirẹ̀: ìrìn gba 3.3, iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n gba 4, èyí tó le gba 8. Wọ́n á wá fi ìṣẹ́jú àti iye ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀.

*

Ẹ jẹ́ ká ṣírò alábàárù kan wò. Ó ń ru àpò fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. 8 lọ́nà 240 lọ́nà 6 jẹ́ 11,520. Àmọ́ òfin ìṣirò IPAQ ní kí wọ́n gé ohunkóhun tó bá kọjá wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ sí wákàtí mẹ́ta. Ó di 8,640. Wákàtí kẹrin wọmi nìyẹn. Ẹni tí àròpọ̀ tiẹ̀ bá ju wákàtí 16 lọ lójúmọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, àsọdùn pọ̀ lẹ́nu ọmọ aráyé. Síbẹ̀, ẹ̀yìn alábàárù ò gbọ́ pé wọ́n ti gé nǹkan kan kúrò.

*

Wọ́n tún ń gé e nísàlẹ̀. Ohun tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, IPAQ kì í kà á. Gígun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Òṣòdì, tòun ti ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ òté ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àgbàlagbà.

*

Ìbéèrè ìjókòó ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lónìí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú mi wákàtí méjì láti Mile 2. Lọ́la, ó lè má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Èwo ni kí n kọ?

*

Ta ni líǹkì ìwé ìbéèrè náà máa dé ọwọ́ rẹ̀? Ẹni tó ní dátà, tó wà nínú grúùpù WhatsApp ibi iṣẹ́, tó sì ti jókòó. Púpọ̀ nínú àwọn alábàárù Òṣòdì, fóònù oníbọ́tìnì ni tiwọn, èdè Hausa ni wọ́n sì ń sọ. IPAQ elédè Hausa wà o: Adéwálé Oyèyẹmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Maiduguri, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Ẹni tó máa jókòó tì wọ́n kà á ló kù.

*

Nígbà tí wọ́n bi àwọn ará orílẹ̀-èdè 12 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn wọn bára mu, nǹkan bí 0.8 nínú 1. Nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ wọn nídìí, ti ẹ̀rọ àti ti ẹnu ò bára mu ju nǹkan bí 0.3 lọ. Èèyàn lè sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìyẹsẹ̀, kó má sì rí bẹ́ẹ̀.

*

Ìwé ìbéèrè mìíràn, GPAQ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe lọ́dún 2002, ló bá ọ̀dọ̀ wa mu jù lójú tèmi. Iṣẹ́ oòjọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó tún kan bí èèyàn ṣe ń lọ tó ń bọ̀, kó tó wá kan eré ìdárayá. Ẹni tó bá máa gbé e wá sí Apakun, kó má wá láàárọ̀ tí ọkọ̀ ń kún. Ọ̀sán ni kó wá, nídìí oúnjẹ, kó sì bá àwọn awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ra omi tútù kó tó ṣí ìwé.