Ìjàyè Wo Ni Kí Lẹ́tà Yìí Lọ?

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó kọ "Ìjàyè" nìkan sára lẹ́tà, Ìjàyè wo ni kí lẹ́tà náà lọ? Ìjàyè wà ní Abẹ́òkúta. Ìjàyè wà lápá Agége l'Ékòó. Tiwa ni Ìjàyè Orílé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ìlú Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí àwọn Ìbàdàn fọ́ ní 1862. Ogun yẹn ló tú àwọn ènìyàn wa ká. Ọ̀pọ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì gbé orúkọ ìlú dání lọ.

Láyé lẹ́tà onípépà, a mọ ọgbọ́n tí a ń dá sí i. A ó kọ orúkọ ẹni, a ó fi orúkọ tíṣà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kún un, a ó wá kọ "Ìjàyè, nípasẹ̀ Ìbàdàn". Ẹni tí ó ń pín lẹ́tà mọ agboolé gbogbo. Bí ẹ kọ "Màmá Alákàrà, ìdí ọjà", yóò dé ọwọ́ màmá.

Kọ̀ǹpútà kò mọ Màmá Alákàrà o. Ohun tí a bá kọ fún un nìkan ló mọ̀.

Ilé-ìwé kan lágbègbè wa ra orúkọ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tí yóò máa gba ímeèlì wọn. Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí wa, tí orí rẹ̀ pé, fi àdírẹ́sì tuntun náà sínú fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. A dúró títí, a kò gbúròó. Àṣé wọ́n ti kọ̀wé pé kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwé náà délé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà. Ọjọ́ ti kọjá kí a tó mọ̀. Ọmọ náà kò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn.

Mo tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mọ́níyà lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà yẹn kò ṣìnà rárá. Ó délé, onílé ló ní òun kọ́ ni wọ́n ń pè."

Ó wá ṣàlàyé. Láti 1971 tí Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, ti lo àmì @, orúkọ ènìyàn ló ń ṣáájú rẹ̀, orúkọ ilé ló ń tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ yóò béèrè lọ́wọ́ DNS, ìwé orúkọ gbogbo ayé, pé ta ló ń gba lẹ́tà fún ilé náà. Ìyẹn nìkan kò tó. Kọ̀ǹpútà tí ó ń gbà á náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, níbi tí a kọ gbogbo orúkọ tí ó ń jẹ́ sí. Bó bá jẹ́ Postfix ni wọ́n ń lò, mydestination lorúkọ ìlà náà. Bí orúkọ ilé kò bá sí níbẹ̀, yóò ní lẹ́tà àlejò ni, yóò sì kọ̀ ọ́.

Mo ní, "Kí wọ́n kúkú sọ fún un pé kó gba gbogbo ohun tó bá dé." Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má dán an wò." Kọ̀ǹpútà tó bá ń bá gbogbo ayé gbé lẹ́tà kiri, àwọn oníjìbìtì yóò sọ ọ́ di ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Bí ilé-ìwé bá sì kó ímeèlì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tí orúkọ ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, lẹ́tà tí àwọn tíṣà bá fi kọ̀ǹpútà yẹn kọ síra wọn kò ní jáde. Inú àpótí àtijọ́ ni yóò máa kó sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò.

Orúkọ kan péré ni wọ́n fi kún ìlà náà tí gbogbo rẹ̀ fi tò. Àmọ́ ọdún kan ti lọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ó ti gba fọ́ọ̀mù mìíràn báyìí, ó sì fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ àdírẹ́sì ímeèlì: Ìjàyè Orílé, nípasẹ̀ Mọ́níyà, Ìbàdàn.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó kọ àdírẹ́sì tuntun sára pátákó, ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí i láti ìta, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ láti inú ilé. Bí méjèèjì bá dé, ẹ wá ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa lò ó.