Ilé Èrò Pápá Ọkọ̀ Òfúrufú Adó-Èkìtì

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, 2022, ni ọkọ̀ òfúrufú kìn-ín-ní balẹ̀ sí pápá tuntun tí ó wà ní Adó-Èkìtì, nígbàtí ó ku ọjọ́ kan péré kí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fi ipò sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá dúró ní Fájuyì, a kì í ṣàì gbọ́ ẹnití ńwí pé kí wọ́n mú ilé èrò ibẹ̀ tóbi síi, kí ojú má baà ti Èkìtì.

A kò lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí àwa náà ti sọ irú rẹ̀ rí. Nígbàtí ilé ìjọsìn wa há ní ọjọ́ ìkórè kan, tí àwọn ìyá dúró lóòrùn, àwa tí a jẹ́ akọ̀wé ìjọ ni a dá a lábàá pé kí a wó ògiri ẹ̀yìn, kí a fi ìjókòó ọgọ́rùn-ún kún un. A dáwó, a kọ́ ọ. Ìkórè tún dé, èrò sì tún fún ara wọn pa: ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni a kò fẹ̀. Ní àwọn Ọjọ́ Ìsinmi yòókù, eruku ńbò àga tuntun. Gbèsè káfíńtà sì wà lọ́rùn wa títí di ọdún kẹta. Ìyá àgbà kan bi wá pé, “Olùkọ́, ṣé àga ni a kò ní ni, àbí ọ̀nà?”

Ìbéèrè yìí ni kí a bi nípa pápá náà. Iye èrò tí ó pàdé ní wákàtí tí wọ́n pọ̀ jù ni a fi ńwọn irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti ọdún kan gbáko, kì í sì í ṣe ti Kérésìmesì nìkan. Níbo ni wọ́n ti ńtò? Bí ó bá jẹ́ níbi àyẹ̀wò ni, ẹ̀rọ kan síi àti òṣìṣẹ́ méjì lè ṣe ohun tí gbọ̀ngàn ńlá kò lè ṣe. Bí ọkọ̀ méjì bá sì ńbalẹ̀ pọ̀, sísún àkókò ọ̀kan síwájú kò gba sìmẹ́ńtì.

Ní oṣù kẹta 2022, a ṣí ilé èrò tuntun ní pápá Murtala Muhammed ní Èkó, èyítí a fi owó tí a yá láti China kọ́. Ilé náà lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àyè iwájú rẹ̀ kò tó fún àwọn ọkọ̀ ńlá, nítorí ilé ìtọ́jú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712 náírà láti tún ilé àtijọ́ ti 1979 ṣe.

Ní tiwa, kí a lo èyí tí ó wà ná, kí a sì pa ilẹ̀ iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ láìkọ́lé sí i. Ṣùgbọ́n oko ènìyàn ni ilẹ̀ tí a bá fẹ́ gbà síi. Kí a san owó rẹ̀ kí a tó fi okùn wọ̀n ọ́n, kí àwọn olóko sì máa gbin nǹkan sí i títí di ọjọ́ tí a ó nílò rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu ni o, kì í ṣe ọkà, tí ńpe ẹyẹ wá sí ọ̀nà ọkọ̀.