Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Siporex

Ẹ̀jìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Màmá yín ní ìdánwò BEPC ń lé ọ, pé o ti há a sórí pé bí ìlà méjì bá pàdé ní igun 90, tí èèyàn bá fi coefficient directeur ọ̀kan sọ ti èkejì di púpọ̀, -1 ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n o kò mọ ibi tí àmì ìyọkúrò yẹn ti wá. Ìbéèrè gidi lo bi. Àhásórí a máa sá lọ lójú ìdánwò.

Mú ìwé alápòótí rẹ. Láti ojú kan, ka àpótí 4 sí ọ̀tún, kí o gun 3 sókè, kí o wá fa ìlà láti ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí o dúró sí. Iye tó gùn sókè lórí iye tó lọ sí ọ̀tún, 3/4, ni coefficient directeur rẹ̀. Ó yá, fi ìka tẹ ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o yí ìwé náà títí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi bọ́ sí ọ̀tún. Wò ó: 4 tó ń lọ sí ọ̀tún ti wá ń gòkè, 3 tó ń gòkè ti kọjú sí òsì. Àmì ìyọkúrò la sì fi ń kọ òsì. 4 lórí -3, ìyẹn -4/3. Yíyí tí o yí ìwé nìkan ló dojú ìdá náà dé, òun náà ló bí àmì ọ̀hún.

Àwọn bíríkìlà mọ 3 àti 4 yìí dáadáa. Wọ́n á wọn mítà 3 sí apá kan igun, mítà 4 sí apá kejì. Bí láti ìparí ọ̀kan dé ìparí èkejì bá jẹ́ mítà 5 géérégé, ilé ò ní wọ́. (Àdúgbò Siporex tí ẹ̀ ń gbé gan-an, orúkọ búlọ́ọ̀kù fífúyẹ́ kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Sweden ni.)

Wàyí o, wọ́n fún ọ ní y = 3/4x + 1, wọ́n ní kí o wá ìlà tó dábùú rẹ̀ (tó pàdé rẹ̀ ní igun 90), tó sì gba ojú (3, 2) kọjá. Kọ y = -4/3x + p. (Níhìn-ín, c la fi kọ́ wa, ibi tí ìlà ti gé ìlà y náà ni.) Fi 3 sípò x, 2 sípò y: 2 = -4 + p. 6 ni p. Ó parí: y = -4/3x + 6. Àwọn ọmọ míì á lọ mú 1 ti ìlà àkọ́kọ́ wá síbí. Kò kàn án rárá.

Tí o bá ń yàwòrán, kí àpótí kan jẹ́ iye kan náà lórí ìlà x àti ìlà y. Bó bá jẹ́ 1 níhìn-ín, tó jẹ́ 2 lọ́hùn-ún, ìṣirò rẹ á tọ̀nà, àwòrán á wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé yín fi ń pariwo repère orthonormé.

Bí ìlà bá sùn gbalaja, bíi y = 2, 0 ni coefficient directeur rẹ̀, òfin -1 ò ràn án, torí a kì í fi 0 pín nǹkan. Èyí tó dábùú rẹ̀, tó sì gba ojú (5, 7) kọjá, ni x = 5. Má wulẹ̀ wá p kankan níbẹ̀.

Ṣe èyí fúnra rẹ: ìlà tó dábùú y = -2x + 5, tó gba (4, 1) kọjá. Bí p rẹ ò bá jẹ́ -1, ya fọ́tò iṣẹ́ náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Bá mi kí màmá yín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Múfútáù