Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Òróró Ewé Tíì

Ewé tíì kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ lásán kó. Etí rẹ̀ mú, a sì máa ya ni lọ́wọ́ wẹ́wẹ́ láìjẹ́ kí á fura. Ìgbà tí òróró rẹ̀ bá kàn wá lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ la tó ń mọ iye ibi tó ti ya wá, torí gbogbo ojú ibẹ̀ ló máa ta wá. Omi lásán kì í sì í gbé e kúrò. Àdín àgbọn la fi ń nù ún kí a tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fún òróró yìí lẹ́yìnkùlé wa ní Ìwó, tí mo ń tà á fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara. Bí ẹnìkan bá ní kí n sọ ẹyọ ohun kan tí iṣẹ́ náà fi yé mi, mo máa sọ pé òróró ewé kì í ṣe ẹgbẹ́ ewé. Àgbo tí à ń fi ife mu àti òróró tí à ń fi ẹ̀kán wọ̀n, orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Ta ni kò mọ ewé tíì? Kóríko ọba ni àwọn mìíràn ń pè é. A ń gbìn ín síbi tí àgbàrá ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ, a ń sè é mọ́ dóńgóyárò àti èèpo máńgòrò nítorí ibà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi òróró rẹ̀ ṣe ọṣẹ àti lọ́fíńdà, wọ́n tún ń yọ èròjà inú rẹ̀ tó ń jẹ́ citral láti fi ṣe fítámì A. Íńdíà àti Guatemala wà lára àwọn tó ń fún un jù láyé.

Irinṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Dúrọ́ọ̀mù onírin tí kì í dípẹtà ni. Omi wà nísàlẹ̀, asẹ́ onírin wà lókè omi, orí asẹ́ yẹn la ń di ewé sí lẹ́yìn tí a bá ti jẹ́ kó rọ fún ọjọ́ kan. Iná ń jó lábẹ́, ooru omi ń gba àárín ewé kọjá, ó ń gbé òróró dání, á wá gba inú páìpù kan tó lọ́ yípo nínú dúrọ́ọ̀mù kejì tó kún fún omi tútù. Ibẹ̀ ni ooru ti ń di omi padà, bí omi ṣe ń kán lára ọmọrí ìkòkò. Nǹkan méjì ló ń kán sínú ìgò: omi olóòórùn wà nísàlẹ̀, òróró pupa rúsúrúsú léfòó lé e lórí.

Ìdérí dúrọ́ọ̀mù ewé máa ń da ènìyàn láàmú. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, àdúgbò á máa ta sánsán, ìgò á ṣófo. Rọ́bà tí wẹ́dà fi sí i kò bá a gbé, torí òróró yìí ń jẹ rọ́bà, ó ń jẹ ike pẹ̀lú. Fúláwà tí a fi omi pò la fi ń lẹ etí rẹ̀ yí ká; bí iná bá ti mú un, á le gbagidi.

Ṣùgbọ́n omi ló ń dun ni jù. Omi tútù inú dúrọ́ọ̀mù kejì ni mò ń sọ. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru á máa jáde lẹ́nu páìpù láìdi omi, owó ló sì ń fẹ́ lọ yẹn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òróró máa ń pọ̀ lára kóríko ju ìgbà òjò lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an sì ni kànga ń gbẹ. Mi ò tíì rí ẹni tó máa bá mi tú kókó yẹn.

Nínú kóríko tútù kílò 100, bí òróró ààbọ̀ kílò bá jáde, a ti dúpẹ́. Ó sì sábà máa ń dín. Àwọn oníbàárà kì í mọ èyí. Ìyá kan tó ń ṣe ìpara gbé ìgò kékeré sókè sí oòrùn, ó ní, “Màmá, ṣé ewé tíì tó wà lẹ́yìnkùlé mi yìí náà lẹ fẹ́ gba gbogbo owó yìí lé lórí?” Mo ní, “Ẹ gé tiyín wá, ẹ sanwó igi ìdáná, màá bá yín fún un.” Ó wò mí títí, ó sanwó.

Owó yìí náà ló jẹ́ kí àwọn kan máa lú u. Ẹ kán ẹyọ kan sórí bébà funfun, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Òróró ewé á fẹ́ lọ, bó bá fi nǹkan sílẹ̀, àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bu òróró ìsebẹ̀ mọ́ á fi ojú ọ̀rá sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi citral ilé iṣẹ́ lú, bébà kò lè tú u fó. Ó di ilé àyẹ̀wò tó ní gas chromatography, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú òróró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Citral yìí ló ń mú òórùn rẹ̀ wá, òun náà ló ń bá awọ ara jà. Nínú òróró tó dára, ó máa ń tó ìdá 70 sí 80 nínú 100. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè má gbà á mọ́ láéláé. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2003 ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ìpara tó bá ní ju ìdá 0.001 nínú 100 lọ, àti sára ọṣẹ tó bá ní ju 0.01 lọ. Ọmọ wa kan tó ń ta ọṣẹ dúdú ní London ló kọ́kọ́ bi mí léèrè ìwọ̀n citral inú òróró mi. Lọ́jà tiwa níbí, “Ṣé ó ń ta sánsán?” ni wọ́n ń bi mí.

Nínú àdín àgbọn mílílítà 30, ẹ̀kán 4 ni mò ń sọ fún ènìyàn fún ohun tó máa dúró lára, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ó ń lé ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n kíá ló ń fẹ́ lọ lára. Kò lè gba ipò nẹ́ẹ̀tì. Inú ìgò aláwọ̀ dúdú ni kó máa gbé, kó jìnnà sí iná, torí ó ń gbiná.

Àwọn kan ń wá rà á láti kán an sínú tíì nítorí ibà. Mi ò kì í tà á fún wọn. Ewé ni kí wọ́n lọ sè. Ti ọmọdé ló tún le jù. Bí ọmọ bá gbé nǹkan mu nílé wa, epo pupa la máa ń sáré wá kó lè bì í. Ní ti òróró ewé, bí ó ṣe ń bì í ló lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé ọmọ, ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn.