Kahe: Oríta Ojú Irin Tí Ogun Dá Sílẹ̀

Ojú irin tó ti Tanga, ìlú èbúté ní ilẹ̀ Tanzania, wá sí Moshi yóò kọ́kọ́ gba ibùdókọ̀ kékeré kan kọjá nígbà tó bá ku nǹkan bí 20 kìlómítà. Kahe lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ìlú ńlá. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí oòrùn ń pa ló wà, bẹ́ẹ̀ ni Kilimanjaro, òkè tó ga jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà, dúró lápá àríwá rẹ̀ tòun ti yìnyín lórí. Ibodè Kenya kò tó 40 kìlómítà síbẹ̀.

Àwọn Jámánì ló la ojú irin yẹn. Tanga ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1893, wọ́n sì dé Moshi lọ́dún 1911. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti la tiwọn láti Mombasa lọ sí adágún Victoria láàárín 1896 sí 1901. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pàdé ẹnì kejì rẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ mítà kan géérégé ni àwọn méjèèjì fi sáàárín irin wọn, ohun tí wọn kò jọ sọ yìí ló sì wá ṣẹ lẹ́yìn ọ̀la.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, àwọn Jámánì kọjá ibodè, wọ́n gba Taveta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Voi láti fi gbé oúnjẹ, omi àti ọta ìbọn fún ọmọ ogun wọn. Lóṣù kẹta ọdún 1916, wọ́n gba Kahe lábẹ́ ọ̀gágun Smuts. Kí àwọn Jámánì tó kúrò níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ́ àgbá ńlá tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ogun Königsberg. Lọ́dún náà gan-an ni irin Voi so mọ́ irin Tanga. Ogun ṣí lọ sí gúúsù, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, tí Yorùbá wà nínú wọn, ti wá bá a nígbà tí ọdún ń parí lọ.

Ohun tí ogun so, òwò ló jẹ ẹ́. Kọfí tí àwọn Chagga ń gbìn lára òkè, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù KNCU sílẹ̀ lọ́dún 1933, lè yà sí Mombasa ní Kahe, ó sì lè tẹ̀ síwájú lọ sí Tanga. Ọ̀nà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ ní jíjìn, ìdí sì nìyẹn tí èbúté méjèèjì fi ń du ẹrù ara wọn. Nígbà tó di 1948, àjọ kan ṣoṣo ló ń darí ojú irin Kenya, Uganda àti Tanganyika.

Òmìnira dé fún Tanganyika lọ́dún 1961, ó dé fún Kenya lọ́dún 1963. Ẹgbẹ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 kò lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ìjà lórí owó, lórí ìlànà ìṣèlú àti lórí ta ni ń jẹ ju ta ni lọ tú u ká, Tanzania sì ti ibodè pa lóṣù kejì ọdún 1977. Ọ̀tá ló so Kahe mọ́ Taveta. Ará ilé ló já a. Ọdún 1983 ni ibodè tó tún ṣí.

Ẹni tó bá mọ ojú irin Ìfọ̀ sí Ìdógò àti ti Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin kò ní pe èyí ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ìbú irin méjèèjì yàtọ̀ síra, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó 50 kìlómítà, síbẹ̀ wọn kò pàdé rí. Ti Kahe tilẹ̀ pàdé.

Lọ́dún 2019, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ọkọ̀ èrò tún gba Kahe kọjá láti Dar es Salaam lọ sí Moshi. Apá Taveta kò rí irú rẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà ni ẹrù ń gbà lọ sí Kenya báyìí, ní Holili, níbi tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń lo ibodè alájọlò láti 2016. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tò.