Lẹ́tà sí Àbúrò Mi lórí Màláíkà Ikú

Adja-Ouèrè,
Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

A kú ọ̀fọ̀ Ìyá o. Ọlọ́run yóò kẹ́ wọn. Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun?

Wọ́n ní láti ọjọ́ tí o ti gbọ́ wáàsí kan ní Kutọnu, oorun ò kùn ọ́ mọ́, àfi kí o máa rò ó bí màláíkà ikú ṣe fi ipá fa ẹ̀mí Ìyá yọ. Ìwọ ò sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi wà níbẹ̀. Ìyá ń pe orúkọ ìyá tiwọn, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí àlejò wọlé tọ̀ wá, títí ohùn wọn fi lọ sílẹ̀. Mi ò rí ìjà kankan.

Mo mọ̀ pé àwa Ànàgó àti Ọ̀họ̀rí ti bá Ikú ṣọ̀tá tipẹ́. Lẹ́nu babaláwo, kùmọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbọ la sì fi ń yẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ sí ikú ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá kú níbí, ní Ìkpinlẹ̀ tàbí ní Massè, a ní ó relé, a lùlù, a jó. Ta ló ń jó fún ẹni tí wọ́n jí gbé?

Ní ti màláíkà ikú fúnra rẹ̀, wo Súrà Sajidá, ẹsẹ̀ 11. Ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́ ni màláíkà náà, ọ̀dọ̀ Olúwa la ó sì dá wa padà sí. Orúkọ Asiráílù tí àwọn àáfà ń pè é kò tilẹ̀ sí nínú Kùráánì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan la rí kà. Nínú hàdíìsì Bara ọmọ Asibu, àwọn màláíkà olójú funfun ló kọ́kọ́ ń dé, pẹ̀lú aṣọ àti òórùn dídùn láti Àlùjánnà. Lẹ́yìn náà ni màláíkà ikú yóò jókòó síbi orí onígbàgbọ́, yóò pe ẹ̀mí náà síta wá gba àforíjì, ẹ̀mí á sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí omi tó ń kán lẹ́nu àpò awọ. Apá tó le wà nínú hàdíìsì kan náà, ti ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Kí oníwáàsí mú apá yẹn nìkan lọ síwájú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, kò dára, mo sì lè sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Ànábì Músá pàápàá kọ́kọ́ gbá màláíkà ikú lójú, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ṣe gbà á wá. Ọlọ́run kò bínú. Ó ní kí Músá gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn akọ màlúù, iye irun tó bá bò ni iye ọdún tí yóò tún lò. Músá bèèrè ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn. Ikú ni. Músá ní kó kúkú jẹ́ nísinsìnyí.

Àwọn aláṣọ funfun ilé kejì, ìjọ Kristẹni tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, wá kí wa. Wọ́n rán wa létí Lásárù inú Lúùkù 16, tálákà tí àwọn áńgẹ́lì gbé lọ sí oókan àyà Ábúráhámù. Mo ṣe àmín.

Má tún jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ wáàsí yẹn. Kó wọn wálé fún fídáù ogójì ọjọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá ń bèèrè rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.