Ọjọ́ Tí Mo Wo Àwọn Obìnrin Ń Gbá Gọ́ọ̀fù ní St Andrews

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń ka ìwé wa yìí lóṣooṣù, mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́ orúkọ gọ́ọ̀fù, àwọn ọkùnrin ọlọ́lá tí wọ́n dé fìlà, tí ọmọdé kan ń ru àpò ọ̀pá tẹ̀ lé wọn, ni yóò kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí eré náà ti wọ̀ mí lára, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀nà ìrìn-àjò ṣí fún mi ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìlú St Andrews ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ni mo gbà lọ, kí n lè fi ojú ara mi wo ìdíje àgbà ti àwọn obìnrin tí wọ́n fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́.

Rélùwéè kò dé inú ìlú náà. Ní Leuchars ni ẹ óò ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Etí òkun ni ìlú náà wà, òkúta sì ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni oṣù kẹjọ. Ẹ mú kóòtù òjò dání, nítorí ẹ̀fúùfù òkun ibẹ̀ ń gbá ni létí bí ẹni pé ó bá ni níjà. Ọbẹ̀ kan ni ó gbà mí. Ẹja tí wọ́n fi èéfín yan, pòtétò, àlùbọ́sà àti mílíìkì ni wọ́n fi sè é. Bí mo ti jẹ́ olùkọ́ nípa ètò ilé, n kò lè ṣe kí n má bi obìnrin tí ó bù ú fún mi bí mílíìkì rẹ̀ kì í ṣe é dì. Ó ní iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ hó.

Pápá tí a ń pè ní Old Course bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìlú. Eré náà ti pẹ́ ní ilẹ̀ yẹn gan-an: ní ọdún 1457 ni ìjọba Skọ́tíláǹdì fi òfin dè é, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹ̀kọ́ ọfà títa sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ihò 18 ni ó wà ní pápá náà, 72 sì ni iye gbígbá tí a retí lọ́wọ́ ọ̀jáfáfá. Ẹni tí gbígbá rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ìlú ni ó ni ilẹ̀ náà. Bí kò bá sí ìdíje ńlá, a kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn òbí a máa mú ọmọ àti ajá wọn rìn lórí koríko tí gbogbo ayé ń fi owó ńlá wá tẹ̀.

Lẹ́bàá pápá yìí ni ibi kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Himalayas, tí ilẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni ó ń gbá níbẹ̀ láti ọdún 1867. Àṣà ìgbà náà kò fẹ́ kí obìnrin gbé ọ̀pá kọjá èjìká níwájú àwùjọ, nítorí náà, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin náà lè san owó kékeré kí ẹ gbá a. Mo gbá a, ọmọdé kan tí kò ju ọdún méje lọ sì nà mí.

Ilé ẹgbẹ́ Royal and Ancient, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1854, dúró sẹ́yìn ihò àkọ́kọ́ bí ilé baálẹ̀. Ọdún 1754 ni ẹgbẹ́ náà ti wà, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n tó dìbò pé kí obìnrin lè di ọmọ ẹgbẹ́. 260 ọdún! Ìdíje àgbà ti àwọn obìnrin ti ṣáájú ìbò náà dé pápá yìí ní ọdún 2007, nígbà tí Lorena Ochoa ará Mẹ́síkò gba ife ẹ̀yẹ. Ní ọdún 2013, Stacy Lewis ará Amẹ́ríkà gbà á, ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ láti kékeré tí wọ́n sì fi irin sí i lẹ́yìn. Èyí tí mo lọ wò ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ni ó parí. Jiyai Shin ará Kòríà ni ó ṣáájú láàárọ̀, ó fi gbígbá mẹ́ta ju Lydia Ko lọ. Kòríà ni wọ́n ti bí Lydia náà, ṣùgbọ́n New Zealand ni ó dàgbà sí. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yìí ní ọdún 2013 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Paris. Èmi kò rò pé agbára kù lára rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó dúró tì mí. Ẹ ò rí i pé ẹnu mi yá jù.

Nelly Korda ará Amẹ́ríkà ni mo ń tẹ̀ lé, nítorí ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ń da omi sínú ife. Ihò kẹrìnlá ni ó ti ṣìṣe, gbígbá méjì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, ihò kẹtàdínlógún ni gbogbo wa sá lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìdíje máa ń yí padà. Orí òrùlé àwọn ahéré dúdú kan ni ẹ óò gba bọ́ọ̀lù kọjá láìrí ibi tí yóò balẹ̀. Kòtò iyanrìn kan ń dúró de yín níwájú, ọ̀nà ọlọ́dà àti ògiri sì wà lẹ́yìn. Lydia fi gbígbá mẹ́rin jáde níbẹ̀ láìfarapa. Ní ihò ìkẹyìn, ó kọjá lórí afárá òkúta kékeré nì, ó sì fi gbígbá mẹ́ta parí rẹ̀. Ó wá dúró. Lilia Vu, tí ó gba ife náà ní ọdún 2023, lè bá a dọ́gba bí òun náà bá fi mẹ́ta parí. Kò rí i ṣe.

1,425,000 dọ́là ni Lydia gbà. Ẹni tí ó borí ìdíje àwọn ọkùnrin ní ọdún kan náà gba 3,100,000. Ẹ̀fúùfù kan náà ni ó ń fẹ́ lu gbogbo wọn, mo sì rò pé ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìṣirò owó oúnjẹ lè ṣe ìṣirò èyí náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí itẹ́ òkú tí ó wà ní àwókù kàtídírà ìlú náà. Àwòrán Tommy Morris wà lára ògiri ibẹ̀, ó di ọ̀pá mú. Ó gba ìdíje àgbà ní ọdún 1868, 1869, 1870 àti 1872. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì tí ó gbà ni mo kà lára òkúta náà, ṣùgbọ́n Margaret ìyàwó rẹ̀ ni ó wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1874. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1875, Tommy àti bàbá rẹ̀ lọ díje ní North Berwick, ní òdìkejì omi. Ọjọ́ yẹn ni wáyà dé pé Margaret ń rọbí, ó sì ń le. Ẹnì kan yá wọn ní ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n lè tètè dé. Kí wọ́n tó dé ilé, ìyá àti ọmọ ti kú. Tommy náà kú lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn, ọmọ ọdún 24. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti gun orí ìkúnlẹ̀ rí mọ ohun tí ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀.

Ní North Berwick kan náà ni Catriona Matthew dàgbà sí. Ní ọdún 2009, ọ̀sẹ̀ 11 péré lẹ́yìn tí ó bí ọmọ rẹ̀ kejì, ó gba ìdíje àgbà yìí ní Royal Lytham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin Skọ́tíláǹdì àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀. Graeme ọkọ rẹ̀ ni ó ru àpò ọ̀pá fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, iná ti jó hótẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wọ̀ sí ní ilẹ̀ Faransé, ó sì jó ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tí iná jó yẹn ni ó fi rìn káàkiri pápá lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àpò lórí èjìká.